Awo Ló Fọ́, Orin Kò Fọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ojúlé wa níbí, ní Ìgàndò, kí n tó mú yín lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá mọ Alímọ̀ṣọ́ dáadáa mọ̀ pé a kì í wá orin tì ní àdúgbò wa. Láti Ìyànà-Ìpájà títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìkòtún, bí ṣọ́ọ̀ṣì apá ọ̀tún bá sinmi, ti apá òsì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn tó ń ṣe àìsùn bá tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn, àfi kí ènìyàn yáa dìde kó bá wọn gbàdúrà, nítorí oorun ti di àwátì. Mi ò fi èyí ṣe ẹ̀sùn o. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nínú gbogbo orin tí à ń kọ wọ̀nyí, ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tó lè sọ ẹni tó ni ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Ní ọdún tó kọjá ni bàbá tó kọ́ wa lórin ní ìjọ wa dolóògbé. Ní ọjọ́ tí a ṣe ìsìn orin fún un ní iwájú ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ta kánópì, àga ti kún dé títì, àwọn ọ̀dọ́ ti to dùùrù oníná àti ìlù sí apá kan. Bàbá ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kú pé orin kan báyìí ni kí wọ́n kọ fún òun. Orin àtijọ́ ni, kò sí nínú ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ fún ìsìn ọjọ́ náà. Èmi ni wọ́n ní kí n dá a, nítorí pé èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa tó kù. Mo dìde. Mo kọ ìlà kìíní, mo kọ ìkejì. Nígbà tó di ìkẹta, orin dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo dúró gbagidi, mo la ẹnu, ohùn kò jáde.

Ọmọbìnrin tó ń tẹ dùùrù wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá Tísà, ẹ má bínú o, ta ló tiẹ̀ ni orin yìí, kí n lè mọ bí mo ṣe máa gbè é?"

Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Orin àtijọ́ ni jàre. Kò sí ẹni tó ni ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìtìjú tó bá mi lọ. Orin náà ní ẹni tó ni ín. Mo ti mọ orúkọ rẹ̀ láti kékeré. Bí mo bá sì máa sọ òótọ́, mo jẹ ọkùnrin náà ní gbèsè.

Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ìgbẹ̀ìn ni, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ìlú wa tó gba òmìnira. Màmá ní gírámafóònù kan, irú èyí tí a máa ń fi ọwọ́ yí kó tó kọrin. Awo orin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn. Wọ́n kọ Zonophone sára bébà tó wà láàrin rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni Màmá máa ń gbé e jáde. Á fi gèlè ọwọ́ rẹ̀ nù ún, á gbé e lé orí ẹ̀rọ, á ní, "Ẹ dákẹ́ ariwo, Àlùfáà Kútì fẹ́ kọrin." Ohùn tó ń jáde á máa há bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá, síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ là ń gbọ́ yékéyéké.

Ní ọjọ́ kan tí Màmá lọ sí ọjà Ìtọ́kú, mo gbé awo náà jáde láti fi han ọ̀rẹ́ mi. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já lu símẹ́ǹtì. Awo ìgbà náà kì í ṣe ti rọ́bà bí àwọn tó dé níkẹyìn. Bí abọ́ tánganran ló ṣe ń fọ́. Ó fọ́ sí mẹ́ta. Mo kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń retí pàṣán.

Màmá dé, ó rí i, kò nà mí. Ó to àfọ́kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí itan rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń to èkúfọ́ ìkòkò, ó jókòó lọ títí. Lẹ́yìn náà ló dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó wá ní, "Awo ló fọ́, orin kò fọ́. Súnmọ́ ibí, jẹ́ kí n kọ́ ọ." Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tí mo ti ń retí ẹgba, tí mo rí i pé ẹgba kò sí mọ́, ìlà méjì péré ni mo jókòó kọ́. Mo gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù níta, ni mo bá sá lọ. Ìlà méjì yẹn náà ni mo kọ ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ta wá ni Àlùfáà Kútì yìí?

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Josiah Jesse Ransome-Kuti. Ìgbẹ̀ìn ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 1855. Likoye Kuti ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ekidan, wà lára àwọn Ẹ̀gbá tó tètè gba ẹ̀sìn ìgbàgbọ́. Orúkọ Ransome tó ṣíwájú Kuti yẹn, ọ̀dọ̀ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì kan ló ti wá, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ayé ìgbà náà. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún padà kàn án.

Nígbà tí wọ́n bí i, ìlú Abẹ́òkúta kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, nítorí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá sá àsálà dé abẹ́ Olúmọ. Henry Townsend kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1843. Ní 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wá dá iṣẹ́ ìjọ CMS sílẹ̀ ní ìlú náà. Ayé ọmọdé Josiah kò rọgbọ rárá. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tún kọlu Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta ọdún 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1867, ìjà tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ìlú ya wọ ilé ìsìn, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n kó ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò ná. Ọmọ ọdún méjìlá kan rí i tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ ti ń gbàdúrà. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìyá rẹ̀. Lójú tiwọn, ilé òyìnbó ni wọ́n fọ́. Èmi kò lè bá a wọ inú ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá wo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, ó máa ń dà bí ẹni pé èsì ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń fọ̀. Báwo ni ilé Ọlọ́run ṣe lè di ilé wa, tí kò fi ní jẹ́ ilé àlejò? Orin ni ó fi dá ìbéèrè náà lóhùn.

Ní 1871 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti CMS ní Èkó. Nígbà tó jáde, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó ń ṣe tísà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Peter, Aké, láti 1876. Ní 1879 wọ́n pè é padà sí Èkó pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin ní ilé ẹ̀kọ́ CMS tiwọn. Ibẹ̀ ló ti mọ dùùrù dáadáa. Ní 1882 ó gbé Bertha Anny Erinade Olubi níyàwó. Ní 1891, ó fi Èkó sílẹ̀, ó lọ gba iṣẹ́ ìjọ ní Gbágùúrá. Wọ́n fi jẹ díákónì ní 1895, wọ́n sì fi jẹ àlùfáà ní 1897.

Bí ẹ bá wo àwọn ọdún yẹn, ẹ ó rí i pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìjọ gbóná jù ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Ní 1891 kan náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan ní Èkó dá ìjọ United Native African sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ti sú wọn. Ní 1894 ni David Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, tó di Mọ́jọlá Àgbébí. Josiah Ransome-Kuti kò bọ́ orúkọ sílẹ̀, kò sì bá wọn jáde. Ó dúró sínú ìjọ àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ ló ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde kò rí ṣe.

Kí ni ohun náà? Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Yorùbá lójoojúmọ́ mọ̀ pé orin ti wà nínú ọ̀rọ̀ wa kí á tó fi orin sí i. Ọkọ yàtọ̀, ọkọ́ yàtọ̀, ọkọ̀ yàtọ̀. Bí ohùn òkè bá di ohùn ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ ti yí nìyẹn. Àwọn tó mú ìwé orin wá láti òkè òkun kò ka èyí sí. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bó ti wà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ènìyàn á máa bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ẹ̀ṣẹ̀ ji òun, ohùn orin á fa ọ̀rọ̀ náà sókè, á di ẹ̀ṣẹ́, bí ẹni pé ìjà ìkúùkù la wá jà nílé Ọlọ́run. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbàlà, ọkọ́ ni orin á fà lé e lọ́wọ́ pé kó máa ro oko lọ. Màmá mi máa ń sọ pé òun gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun mọ̀wé kà; ó ní ẹni tí kò mọ̀wé, àfi kó máa mi orí.

Iṣẹ́ tí Àlùfáà Kútì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyẹn. Ó ń tẹ́tí sí bí àwọn ará ilé àti ará oko ṣe ń kọrin, ó ń tẹ̀ lé ìlànà ohùn wọn, ó ń fi ọ̀rọ̀ Bíbélì sínú rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, orin á gòkè. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rẹlẹ̀, orin á rẹlẹ̀. Ẹ̀gbá ni ohùn náà, kò fi Ẹ̀gbá rẹ̀ pa mọ́. Ọmọdé gbọ́ ọ, arúgbó gbọ́ ọ, ẹni tí kò mọ A mọ̀ ọ́ kọ. Ó wá gbé orin yìí lọ sí àwọn abúlé àti oko Ẹ̀gbá, títí dé agbègbè Ìfọ̀, tí ọkọ̀ tó ń ti Agége lọ sí Abẹ́òkúta ń gbà kọjá. Àwa tí a ti gbé abúlé rí mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Bí àlejò bá dé tó ń wàásù, ẹni mẹ́ta á dúró, ẹni mẹ́wàá á bá tirẹ̀ lọ. Bó bá dá orin tí etí mọ̀, obìnrin tó ń yan gààrí pàápàá á gbé ọwọ́ dúró, á fẹ́ gbọ́ ibi tó ń lọ.

Èyí ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní àlùfáà olórin. Nígbà tí Isaac Délànọ̀, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé wa àgbà, kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1942, orúkọ náà gan-an ló fi sọ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, T. K. E. Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní kàtídírà ti Marina, Èkó, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí orin Yorùbá ní 1953. Kí ìwé yẹn tó jáde ni Àlùfáà Kútì ti ń fi ẹnu ṣe é ní oko.

Kì í ṣe orin nìkan ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ó ṣe adájọ́ ní agbègbè rẹ̀ láti 1902 sí 1906. Ní 1911 ó di alábòójútó iṣẹ́ ìjọ ní Abẹ́òkúta, ó sì di olùṣọ́ àgùntàn ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter ní Aké, níbi tó ti ṣe tísà ní ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn. Ní 1922 wọ́n fi jẹ kánọ́nì ní kàtídírà Èkó.

Ọdún 1922 yẹn náà ló lọ sí England, tí ilé iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Orin 43 ni wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń rí, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré. Kò tíì sí maikirofóònù fún gbígba orin sílẹ̀ nígbà náà. Ojú fùnnẹ́lì ńlá kan ni akọrin á dúró sí, á kọrin sínú rẹ̀, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò mi abẹ́rẹ́ tó ń fa ìlà sára ìda. Dùùrù á wà nítòsí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú awo kan ń gbà. Bí akọrin bá wúkọ́, tàbí tó ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pè, ìda yẹn bàjẹ́ nìyẹn, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà yẹn dúró síbẹ̀, kò sí ìjọ níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò ṣe àmín, ó ń kọrin sínú ihò. Síbẹ̀ ìgbà tí Màmá mi gbé abẹ́rẹ́ lé awo náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé ọmọdé.

Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ohùn wọn sínú awo. Ẹ rántí pé kò sí rédíò ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa wáyà rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Àlùfáà Kútì kò dúró dé ìgbà yẹn. Ó papò dà ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1930. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni.

Ẹ ó ní, ṣebí ó ti tán? Kò tán o. Ẹkùn kì í bímọ kó fi jọ ewúrẹ́. Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, tí wọ́n bí ní 1891, di àlùfáà àti tísà bí bàbá rẹ̀. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931, òun náà ló sì ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School láti 1932 sí 1954. Ìyàwó rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀. Nígbà tí owó orí sú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ní 1947, tí Fúnmiláyọ̀ kó wọn lọ sí ààfin, orin wà lára ohun ìjà wọn. Orin èébú ni wọ́n fi ń bú Aláké ní ojú ọ̀nà ààfin. Nígbà tó di 1949, Aláké Adémọ́lá gbé adé sílẹ̀, kí wọ́n tó tún gbà á padà ní ìparí 1950.

Àwọn ọmọ Israel àti Fúnmiláyọ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀ wọ́n. Olikoye di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, òun ló mú kí ọ̀pọ̀ ìyá mọ bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru. Bẹ́kọ̀ náà jẹ́ dókítà, ó fi ayé rẹ̀ jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, wọ́n sì tì í mọ́lé lẹ́ẹ̀mélòó kan. Fẹlá ni ayé mọ̀ jù nínú wọn, Bẹ́kọ̀ sì ni àbúrò rẹ̀. Ní 1938 ni wọ́n bí i, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú bàbá àgbà. Wọlé Ṣóyínká náà, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, inú ẹbí yìí ni ìyá rẹ̀ ti jáde.

Ẹ rántí orúkọ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní nǹkan bí ọdún 1975, Fẹlá bọ́ Ransome dànù, ó ní orúkọ ẹrú ni, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Kò fi bò rárá pé ẹ̀sìn tí bàbá àgbà òun tàn kálẹ̀ wà lára ohun tó sọ àwọn ènìyàn wa di ẹrú òyìnbó. Ẹ wo nǹkan! Bàbá àgbà fi orin gbin ẹ̀sìn sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ ń fi orin hú u.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọ máa ń sọ pé Fẹlá ba orúkọ ilé wọn jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń sọ pé Fẹlá ló ní ìlẹ̀kẹ̀, pé bàbá àgbà rẹ̀, òyìnbó ló ń sìn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú ìkankan. Òótọ́ ni pé Àlùfáà Kútì jẹ́ orúkọ òyìnbó, ó wọ aṣọ òyìnbó, ó sì ṣe adájọ́ ní ayé tí òyìnbó ti ń darí wa. Kò yẹ kí á fi bò. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀, ti Ẹ̀gbá ni. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá gbọ́ ara rẹ̀ nínú orin kò lè sọ pé orin ni tòun. Nígbà tí Fẹlá jókòó sí Èkó tó ń kọrin ní èdè tí onímọ́tò àti aláàárù ń sọ, kí wọ́n lè gbọ́ ọ, kí ló yàtọ̀ nínú ohun tí ó ṣe àti ohun tí bàbá àgbà ṣe ní oko Ìfọ̀? Ọ̀nà wọn ló pínyà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn, ẹsẹ̀ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ibi tí mo dúró sí tí ohùn mi kọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan ń bẹ lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń dáná. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìbátan ìyàwó olóògbé ni, láti Abẹ́òkúta ló ti wá. Ó patẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gba ìlà kẹta lẹ́nu mi láìdìde lórí àga. Kó tó dé ìlà kẹrin, àwọn ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń gbè é. Ọmọbìnrin onídùùrù wá ohùn wọn títí lórí dùùrù rẹ̀, ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún. Nígbà tó yá, ó pa dùùrù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í patẹ́wọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n máa kọ ọ́, àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i? Orin tí wọ́n ní kò sí ẹni tó ni ín, wọ́n kọ́ ọ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ni orin ń lọ.

Nígbà tí ìsìn parí, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé." Mo ní, "Màmá, ọmọdé ni mí lórí ọ̀rọ̀ yìí." Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ orin náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì kọ orúkọ sókè rẹ̀: J. J. Ransome-Kuti, Ìgbẹ̀ìn, 1855 sí 1930. Mo pe ọmọbìnrin onídùùrù, mo fi hàn án. Ó kà á, ó ní, "Ransome-Kuti? Ti Fẹlá?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá àgbà rẹ̀ ni." Ojú rẹ̀ là.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ mi jókòó tì mí ní Ìgàndò, ó wá orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbé fóònù sí mi létí. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1922 ló ń jáde níbẹ̀, tó ń há bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ nílé Màmá. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ọmọ náà béèrè ìdí tí mo fi ń sunkún. Mo ní kó má dá mi lóhùn, pé mo fọ́ nǹkan kan nígbà tí mo wà ní ọmọdé ni.

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ̀yin olórí akọrin, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ mi pa. Bí ẹ bá ń tẹ ìwé orin, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni orin sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìyá arúgbó kan nínú ìjọ tó mọ orin tí kò sí nínú ìwé, ẹ má dúró dé ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Fóònù ń bẹ lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì jókòó dé òpin, kí ẹ má ṣe bí èmi tí mo sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni Màmá mi sọ pé awo ló fọ́, orin kò fọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá kò sọ ni pé ẹnu ènìyàn náà, awo ni. Bó bá pẹ́ títí, òun náà á fọ́. Kó tó fọ́ ni kí á ti kọ́ orin.